Nítorí Òkúta Inú Fóònù, Mo Fa Ọkọ Mi Lé Wọn Lọ́wọ́

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọwọ́ ọ̀tún ọkọ mi kò lè di nǹkan mú mọ́. Ìka méjì ti ká sínú àtẹ́lẹwọ́, wọn kò sì nà. Èmi kọ́ ni mo jó o. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì péré ni ìbá yọ ọ́ nínú iná. Ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ méjèèjì wà, mo sì pa wọ́n mọ́ síbẹ̀.

Mi ò kọ èyí kí ẹ lè ṣàánú mi. Olùkọ́ wa ní kíláàsì tí àwọn àgbà ti ń kọ́ ìwé kíkà máa ń sọ pé ohun tí ènìyàn kò bá lè fẹnu sọ, kó mú bírò kó kọ ọ́. Bírò ló wà lọ́wọ́ mi yìí.

Aṣọ ni mo ń lọ̀ ní ilé ìfọṣọ kan. Àwa mẹ́rin là ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Olómi, ọkùnrin gìrìpá kan, ló ń fọ aṣọ. Ìyá Bọ́tìnì ló ń rán èyí tó bá ya. Ọkọ mi, tí gbogbo wọn ń pè ní Dẹ́rẹ́bà, ló ń fi ọkọ̀ kó aṣọ lọ fún àwọn oníbàárà. Èmi dúró nídìí tábìlì ìlọṣọ, ọmọ mi olóṣù mẹ́sàn-án á sì wà nínú apẹ̀rẹ̀ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Láti ìgbà tí mo ti bí ọmọ yìí ni àyà mi ti ń já. Bó bá sùn pẹ́, mo máa fi ìka sí ihò imú rẹ̀ wò bóyá ó ń mí. Bí a bá ń jáde nílé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa padà lọ di ilẹ̀kùn mú wò.

Ọkọ mi á ní, "Ìyá Ọmọ, ilẹ̀kùn yẹn fẹ́ sinmi. Fi í sílẹ̀."

Ìyá Bọ́tìnì ló fi eré kan sínú fóònù mi. Ó ní gbogbo ohun tí mo bá mú níbẹ̀ ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, pé ojú mi á là sí ìwé kíkà. Ayé kan ni, kò lópin. Wàá gé igi, wàá gbẹ́ ilẹ̀, wàá kọ́lé, wàá sin ẹran. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ wà nínú ayé kan náà, ilé wa níbẹ̀ ò sì jìnnà síra.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn ẹranko inú igbó ibẹ̀ fọ́ ilẹ̀kùn pákó mi. Wọ́n fa àgùntàn mi mẹ́ta ya níṣojú mi. Ẹ̀jẹ̀ bo ògiri. Mo mọ̀ pé àwòrán ni. Síbẹ̀ mo gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan títí ó fi jó.

Ẹ̀gbọ́n Olómi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. "Ìyá A-B-D, àwọn ẹranko yẹn ò mọ̀wé o. Bó o bá kọ 'ẹ má wọlé' sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò ní rí i kà."

Bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn láti ìgbà tó ti mọ̀ pé àgbà ni mo ti wọ kíláàsì. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Inú mi kò rẹ́rìn-ín.

Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà nínú eré náà tí nǹkan kan kò lè fọ́, ilẹ̀kùn òkúta ẹyinná. Òkúta pupa ni, ó ń tàn bí ẹyinná inú ààrò. Méjìlá ló ń gba ilẹ̀kùn kan. Ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni kí a gbẹ́ ilẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí omi iná ti ń ṣàn. Mo gbẹ́ ilẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo rí ẹyọ kan. Èmi àti ẹyọ kan náà jọ já sínú omi iná.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà mìíràn, mo sì ń kọ wọ́n sẹ́yìn ìwé kíláàsì mi.

Oníṣòwò kan wà tó máa ń fa ràkúnmí kọjá. Ogún ìgò oyin ló ń gbà kó tó yọ ẹyọ òkúta kan, kòkòrò oyin á sì ti ta ọ́ dójú ikú kí ìgò mẹ́wàá tó kún. Idà àtijọ́ wà nínú àwọn ilé ahoro. Bí o bá yọ́ mẹ́fà nínú iná, òkúta kan lè jáde, ó sì lè má jáde, á wá ku ìwọ àti eérú.

Ẹranko àbàtà náà wà. Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Ó ga bí ilé. Àáké ni mo fi ń bẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀ títí yóò fi kúnlẹ̀, kí n tó là á lórí. Nínú mẹ́wàá tí mo bá pa, ikùn ẹyọ kan ni òkúta máa ń wà. Ìka mi á máa ro mí, ọmọ á máa ké, èmi á sì ní, "Dákẹ́, ó ku méjì."

Oṣù kan gbáko, òkúta mẹ́ta ni mo kó jọ.

Ọ̀nà kan tó ṣẹ́kù kò sí nínú ìwé mi. Ojú mi ló rí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé orí sókè nídìí tábìlì, mo rí fóònù Ẹ̀gbọ́n Olómi lórí pèpéle. Ó ń tàn. Òun fúnra rẹ̀ wà nínú ọṣẹ dé ìgbọ̀nwọ́. Nínú eré yẹn, ẹni tó bá ń yọ́ irin gbọ́dọ̀ dúró ti iná. Bó bá pa fóònù, iná á kú. Nítorí náà ló ṣe máa ń fi ara rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní ìdúró, bí ère. Mo sì mọ̀ pé bí ènìyàn bá kú níbẹ̀, gbogbo ẹrù ara rẹ̀ á dà sílẹ̀.

Ibi tí tábìlì mi wà, mo ń rí ọwọ́ gbogbo ènìyàn. Mo mọ ìgbà tí ọwọ́ wọ inú omi, mo mọ ìgbà tí ọwọ́ di abẹ́rẹ́ mú.

Ìbòjú awọ kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá dé e, orúkọ rẹ̀ kò ní hàn lókè orí rẹ̀ mọ́. Mo rán ọ̀kan. Mo dé e. Mo lọ dúró lẹ́yìn Ẹ̀gbọ́n Olómi.

Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an, bó ṣe tẹ̀ ba lé omi. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ nínú fóònù. Mo gbé àáké sókè.

Èyí àkọ́kọ́ wọ èjìká. Èkejì wọ ọrùn. Ó kúnlẹ̀, mo sì ń bẹ́ ẹ lọ. Òkúta mẹ́rin dà sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Mo ṣà wọ́n, mo gbé áyọ́ọ̀nù mi, mo sì ń bá sòkòtò ẹni ẹlẹ́ni lọ.

Ṣé kí n sọ òtítọ́ fún yín? Ó dùn mọ́ mi. Láti ìgbà tí mo ti bímọ, ọjọ́ yẹn ni àyà mi kọ́kọ́ sinmi.

Ẹ̀gbọ́n Olómi nu ọwọ́, ó gbé fóònù. "Ta ló pa mí?"

"Ẹ wá wo òkú tó ń sọ̀rọ̀," ni Ìyá Bọ́tìnì fèsì, kò tiẹ̀ gbé ojú kúrò lára aṣọ tó ń rán.

"Mi ò ṣeré. Ẹnì kan ti wá pa mí síbí."

Èmi náà ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ẹ̀gbọ́n." Ohùn mi dùn bí ti ẹni tó wá kí aláìsàn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo pa Ìyá Bọ́tìnì nígbà tó ń wá ojú abẹ́rẹ́. Mo gba méjì lára rẹ̀. Mo pa Ẹ̀gbọ́n Olómi lẹ́ẹ̀kejì, mo gba méjì. Nítorí pé eré náà kò fi orúkọ apànìyàn hàn, wọ́n mọ̀ pé ó bojú ni, wọ́n sì sọ ọ́ ní Abojú. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láàárọ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà oúnjẹ, àyà ń já wọn bó ṣe máa ń já èmi. Ó ku ẹyọ kan kí méjìlá mi pé.

Ní Sátidé, mo bá ẹni kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀gbọ́n Olómi, níwájú iná rẹ̀. Ó fi òdòdó há irun. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Nígbà tó rí ìbòjú mi, ó sá. Mo lé e yí iná ká. Ó sá sẹ́yìn Ẹ̀gbọ́n Olómi tó dúró bí ère, ó ń yọjú lápá ọ̀tún, ó ń yọjú lápá òsì. Mo rántí bí mo ṣe rẹ́rìn-ín sínú. Mo gbá a lẹ́sẹ̀, ó ṣubú, mo sì bẹ́ ẹ títí kò fi mira mọ́.

Òkúta kan ló wà lára rẹ̀. Méjìlá pé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti kan ilẹ̀kùn mi.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, Ẹ̀gbọ́n Olómi kò fi ọwọ́ kan omi. Ó dúró láàárín ilé.

"Ọmọ mi ni," ló wí. "Ẹni tí Abojú pa ní Sátidé, ọmọ mi ni. Ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ìyá rẹ̀ ti mú un lọ jìnnà, inú eré yẹn nìkan la ti ń ríra. Mo fún un ní òkúta kan pé kó fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Ó ń kọ ọ́ ránṣẹ́ sínú fóònù mi pé, 'Dádì, wọ́n ń pa mí, ẹ yíjú síbí.' Èmi ń fọ bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì ẹlòmíràn. Mi ò rí i."

Ìyá Bọ́tìnì gbé aṣọ sílẹ̀. "Ó sì wá sọ kí ni?"

"Ó ní òun ò wọ ibẹ̀ mọ́. Ó ní mo dúró, mo ń wo òun."

Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí ká inú ilé, ó sì dúró lára mi.

"Ìyá A-B-D, ibo ni ọwọ́ rẹ wà ní Sátidé?"

Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí n kúnlẹ̀. Ohun tí mo sọ rèé: "Ọwọ́ mi? Áyọ́ọ̀nù rèé, ọmọ rèé. Ọwọ́ mélòó lẹ rò pé Ọlọ́run fún mi? Àwa tá a wà níbí, ta ni ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀? Ẹni tó ń jókòó sínú ọkọ̀ lẹ́nu géètì onígéètì, tí kò di omi mú, tí kò di abẹ́rẹ́ mú, ṣé ẹ ti bi í?"

Ìyá Bọ́tìnì yí ọrùn sí mi. "Dẹ́rẹ́bà? Ọkọ rẹ?"

"Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o."

Mo fẹ́ kọ ọ́ pé ó jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Irọ́ ni. Mo mọ̀. Mo rò pé ọkọ mi á ṣe àwàdà, wọ́n á jọ pariwo, ọ̀rọ̀ á tán níbẹ̀.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni. Aago méjì ni ọkọ mi máa ń dé. Wákàtí mẹ́rin ló wà tí mo lè fi pè é lórí fóònù pé kó má wá; mi ò pè é. Mo lọ ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rìnlélógún. Ẹ̀gbọ́n Olómi jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, igi gbọọrọ tó fi ń ro aṣọ nínú omi wà lórí itan rẹ̀.

A gbọ́ fèrè ọkọ̀. Ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀, aṣọ ìdọ̀tí kún apá rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ lónìí? Àbí omi ti gbẹ?"

Igi náà gbá a lẹ́nu. Mo rí eyín kan tó fò lórí sìmẹ́ńtì. Aṣọ tú ká. Ọkọ mi tẹ̀, igi tún bà á lẹ́yìn ọrùn, ó fi orí sọ ilẹ̀kùn ọkọ̀. Mo ju fóònù mi, tí eré náà ṣì ṣí lójú rẹ̀, sínú apẹ̀rẹ̀ ọmọ, mo sì sá lọ fi ẹ̀yìn ti ògiri.

Ọkọ mi kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó fi orí kan Ẹ̀gbọ́n Olómi nímú, ẹ̀jẹ̀ tú. Wọ́n yí wọlé, wọ́n wó okùn tí a fi ń kọ́ aṣọ. Ó já ìkọ́ aṣọ onírin kan gbà, ó fi fa ojú ọkùnrin náà ya láti ìpéǹpéjú dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìyá Bọ́tìnì ń fà wọ́n, wọ́n gbọ̀n ọ́n dànù, ó lu ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ẹ̀gbọ́n Olómi ló lágbára jù. Ó lọ́ ọwọ́ ọ̀tún ọkọ mi sẹ́yìn, ó ń wọ́ ọ lọ sídìí ẹ̀rọ ńlá tí a fi ń tẹ sòkòtò. Irin pẹlẹbẹ méjì ni, ọ̀kan lórí ọ̀kan, wọ́n ń pa dé bí àgbọ̀n ọ̀nì. Ó ti gbóná láti àárọ̀. Èmi ni mo tàn án.

"Ọwọ́ wo lo fi pa ọmọ mi?"

"Ọmọ wo? Ẹ̀gbọ́n, ọmọ wo?"

"Sọ pé ìwọ ni Abojú."

"Mi ò tíì ṣí eré yẹn láti oṣù méjì. Fóònù mi rèé nínú àpò, ẹ yọ ọ́, ẹ wò ó."

"O ti pa á rẹ́."

Ọkọ mi yí ojú sí mi. Ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu rẹ̀. "Ìyá Ọmọ, bá mi sọ fún un."

Ọ̀rọ̀ méjì ni. Èmi ni. Ọmọ tó ń kọ́ A-B-D lè sọ ọ́. Mo la ẹnu, mo rí ojú Ẹ̀gbọ́n Olómi tó ya, mo rí irin yẹn tó ń yọ èéfín, mo sì pa ẹnu mi dé. Mo sọ fún ara mi pé nítorí ọmọ ni, pé bí wọ́n bá gbá mi mú, ta ni yóò gbé ọmọ. Ẹ̀yin òǹkàwé, ọmọ ò fi nǹkan kan ṣe é. Ẹ̀rù ara mi ló bà mí.

Ó pa irin náà dé.

Ìró tó jáde níbẹ̀, bí ìgbà tí a bá wọ́n omi sórí áyọ́ọ̀nù ni. Lẹ́yìn náà ni ọkọ mi ké. Mi ò mọ̀ pé ọkùnrin lè ké báyẹn. Òórùn ẹran jíjó bo òórùn ọṣẹ.

Bó ṣe dákẹ́ láti fa èémí, gbogbo wa gbọ́ nǹkan kan nínú apẹ̀rẹ̀. Kọ́. Kọ́. Kọ́. Ìró àáké ni. Gbogbo wa la mọ ìró àáké yẹn.

Ìyá Bọ́tìnì tiro lọ, ó bẹ̀rẹ̀ wo inú apẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi di fóònù mi mú, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ojú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Bó bá ti gbá a, ẹni tó wà nínú fóònù á gbé àáké, á sọ ọ́ kalẹ̀.

Ìyá Bọ́tìnì gbà á, ó yí i sí wa. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Abojú rèé. Inú fóònù ìyá ọmọ yìí ló wà. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn òkúta ẹyinná ló dúró sí."

Ẹ̀gbọ́n Olómi fúnra rẹ̀ ló gbé irin sókè. Awọ ọwọ́ ọkọ mi kù sára rẹ̀. Ọkùnrin náà jókòó sínú omi ilẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì.

Ọkọ mi wo fóònù, ó wo ọmọ, ó wá wò mí.

"Ṣé o mọ̀ pé èmi ni wọ́n máa mú?"

"Mo mọ̀."



Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló lò ní ọsíbítù. Wọ́n gé awọ itan rẹ̀ bo ọwọ́ náà. Dókítà ní iṣan ìka méjì ti jóná, pé kò ní wakọ̀ mọ́. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n bi mí bóyá kí wọ́n bá mi kọ ọ̀rọ̀ mi. Mo ní mo lè kọ ọ́ fúnra mi. Mo kọ ojú ewé mẹ́ta, mi ò fi nǹkan kan pa mọ́, pẹ̀lú ohun tí mo sọ ní aago mẹ́wàá àárọ̀ yẹn. Ọ̀dọ́mọdébìnrin ọlọ́pàá tó kà á kò lè wojú mi.

Nígbà tí wọ́n fi Ẹ̀gbọ́n Olómi sílẹ̀ kó tó lọ rojọ́, ó wá sílé wa, ojú rẹ̀ ti jinná sí àpá gígùn. Mo wà nínú ilé ìdáná. Mo gbọ́ bó ṣe kúnlẹ̀, mo gbọ́ bó ṣe ń sunkún bí ọmọdé.

Ọkọ mi ní, "Ẹ dìde, Ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ mi ń ro mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Ilé ẹjọ́ á ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ló bí yín, ẹ ò sì mọ̀. Mo lè bá ìyẹn gbé. Ẹni tó mọ̀ wà nínú ilé ìdáná."

Mo ti pa eré náà rẹ́. Mo ti bẹ ọkọ mi nílẹ̀, mo ti bẹ̀ ẹ́ ní ìdúró, mo ti rán àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí i. Kò lé mi jáde, kò bú mi. Ó ń bá ọmọ ṣeré pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ kékeré kan wà lẹ́nu yín lónìí, tí ẹlòmíràn ń fi ara gba ìyà rẹ̀, ẹ sọ ọ́ nígbà tí irin ṣì ṣí. Èmi sọ tèmi nígbà tó ti pa dé.

Ọwọ́ kan kò lè de bọ́tìnì ẹ̀wù. Láràárọ̀, mo máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá bóyá ó máa pè mí. Ó máa ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ẹ̀wù rẹ̀ á ṣí sílẹ̀ láyà, á rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, á sì kan ilẹ̀kùn ìyá àgbà tó ń gbé nísàlẹ̀, kó bá òun dè é.